Ìtànṣán Tó Wà Lẹ́yìn Filemón

Nígbà yẹn, Nicanor ṣì wà láyé. Ìyá tó bí Chabela náà ṣì wà láyé, ìyá arúgbó tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, tí á máa fi ọ̀pá halẹ̀ mọ́ adìẹ aládìẹ. Canelo, ajá Filemón, wà láyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdùbúlẹ̀ ló ti ń gbó. Filemón fúnra rẹ̀ wà láyé, ara rẹ̀ le koko bí igi àjàrà tó ń rẹ́ lọ́wọ́, ó sì ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sóko lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Domitila ni ìyàwó rẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Tres Álamos ni wọ́n ń gbé, àdúgbò kékeré tí oko àjàrà yí ká lọ́tùn-ún lósì, tí ọ̀nà ọlọ́dà gígùn kan sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó tọ́ bí okùn tí wọ́n fà le. Ọ̀nà náà kò láyè fún ẹlẹ́sẹ̀. Ibi tí ọ̀dà bá parí sí, eruku díẹ̀ ló kù, lẹ́yìn eruku, kòtò omi. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó tòmátì á máa sáré kọjá, tòmátì á máa já bọ́ bí ẹ̀jẹ̀ sójú ọ̀dà, ẹyẹ á sì máa ṣà á jẹ.

Ìdajì àwọn ará ibẹ̀ ló jẹ́ pé abúlé kan náà ni wọ́n ti wá, Santa Rufina, lórí òkè Oaxaca. Bí ìgbín ṣe ń gbé ilé rẹ̀ rìn ni wọ́n kó ti wọn dé California: àgbàdo wọn, ata wọn, ẹni mímọ́ wọn, àti bí wọ́n ṣe ń rìn lójú ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe ń rìn lójú ọ̀nà yìí ló wá dọ̀rọ̀.

Ọ̀nà tóóró ni ti Santa Rufina. Àpáta lọ́wọ́ kan, ọ̀gbun lọ́wọ́ kejì. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ pé apá ibi tí ohun tó ń bọ̀ yóò ti pàdé rẹ̀ lójú ni kó máa gbà, ìbáà ṣe màlúù, ìbáà ṣe mọ́tò. Bàbá Filemón a máa sọ ọ́ títí ó fi kú: "Má ṣe kọ ẹ̀yìn sí ikú. Wò ó lójú, ojú á tì í." Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dé California tí wọ́n ra kẹ̀kẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń gùn ún. Bí mọ́tò bá ń lọ, àwọn á máa bọ̀, wọn á kọjú sí i gbọnrangandan, wọn á fa àkẹtẹ̀ balẹ̀, àwọn mìíràn á tiẹ̀ juwọ́ sí awakọ̀ bí ẹni ń kí àlejò káàbọ̀.

Ìbaaka ni Filemón ń pe kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, torí ó ní ìbaaka nílé rí, ọjọ́ tí ó sì fi í sílẹ̀, ó sunkún. Kẹ̀kẹ́ pupa ni, ìjókòó rẹ̀ ti ya, Filemón fi awọ bàtà lẹ̀ ẹ́. Kò kọ́ mọ́tò wíwà, kò sì fẹ́ kọ́ ọ. Ó ní ohun tí kò bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan afẹ́fẹ́, àpótí òkú ni.

Ìgbà tí wọ́n ń sá àjàrà sílẹ̀ nínú oko ni Nicanor kú. Òun ni ọkọ Chabela. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ wá sílé, ó kọjú sí ọkọ̀ bí wọ́n ti kọ́ ọ. Mọ́tò kan ń ti ọ̀nà oko jáde sójú ọ̀dà. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ti ń bọ̀, awakọ̀ náà wo ọwọ́ òsì, kò rí nǹkan kan, ó tẹ mọ́tò. Ọwọ́ ọ̀tún ni Nicanor ti ń bọ̀. Ọmọkùnrin tó wa mọ́tò náà, ọmọ Santa Rufina bíi tiwọn ni, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí tó ń pe ìyá rẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé.

Wọ́n kun kẹ̀kẹ́ Nicanor ní funfun, wọ́n so ó mọ́ òpó ààlà oko níbi tó ṣubú sí, wọ́n ri àgbélébùú kékeré mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá á ṣe àmì àgbélébùú sáyà. Filemón náà á ṣe é. Á yọ ọwọ́ kan lórí Ìbaaka, á ṣe é, á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ, ní apá ibẹ̀ kan náà, kí ilẹ̀ tó mọ́, láìsí iná.

Àtìgbà yẹn ni oorun ti já kúrò lójú Domitila. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀, á dúró níwájú àwòrán Ìyá wa Guadalupe, ìyá Olúwa, tó wà lára ògiri, á bẹ ẹ́ bí ẹni ń bẹ aládùúgbò: "Ìyá, mi ò sọ pé kó má kú. Gbogbo wa la máa kú. Kó kú sórí ibùsùn rẹ̀. Tàbí sórí àga rẹ̀. Ìdí àwo ẹ̀wà pàápàá dára. Kó ṣáà má jẹ́ ojú ọ̀nà."

Ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí kọfí.

"Arúgbó mi, fi kẹ̀kẹ́ yìí sílẹ̀. Rubén á máa fi mọ́tò gbé ọ lọ."

Rubén ni ọmọ wọn, inú ilé tó wà lẹ́yìn ilé wọn ló ń gbé.

Filemón rẹ́rìn-ín. "Rubén? Ọmọ tó jẹ́ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ìyàwó ló dúró dè é ní ṣọ́ọ̀ṣì? Àjàrà á ti gbó, á ti rà, kí Rubén tó rí bàtà rẹ̀."

"Má fi mí ṣàwàdà. Nicanor náà ṣàwàdà."

Filemón gbé ife sílẹ̀. "Arúgbó, mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá gun Ìbaaka mọ́, orí àga yìí ni màá máa wà láti àárọ̀ dalẹ́, màá máa wo ẹnu rẹ. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ bẹ̀ mí kí n jáde."

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Domitila yí tortilla, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, lójú iná.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn Máàsì, Yesenia dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú páálí ńlá. Ọmọ àdúgbò ni, ìyá rẹ̀ ń ta tamale, ẹ̀kọ àgbàdo tí wọ́n fi èèpo àgbàdo di, òun sì ń bá ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé láti kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n á ṣe dáàbò bo ara wọn. Ó ṣí páálí. Ẹ̀wù àwọ̀lékè tí kò lápá ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa, ọ̀já fàdákà méjì sì yí ikùn àti àyà rẹ̀ ká.

Àwọn ìyá àgbà tó ń bọ̀ sún sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí àṣá kọjá lórí adìẹ.

Chabela ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aṣọ dúdú ló wọ̀, ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀.

"Yesenia, ọmọ mi, àwọ̀ wo lo kó wá fún wa yìí?"

"Àwọ̀ ọsàn ni, Mà. Kí wọ́n lè máa rí yín lókèèrè ni."

"Ta ló máa rí wa?"

"Àwọn awakọ̀, Mà."

"Àwọn awakọ̀ nìkan?"

Chabela fọwọ́ méjì gbé ẹ̀wù kan sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i.

"Bí oṣù kọkànlá bá dé, kí la máa ń fọ́n sílẹ̀ láti ẹnu géètì dé ìdí pẹpẹ inú ilé, kí àwọn òkú wa má baà ṣìnà?"

"Òdòdó òkú, Mà."

"Àwọ̀ wo ni?"

Yesenia wo ẹ̀wù náà, ó wo ilẹ̀.

"Ó dákẹ́! Tèmi ti lọ. Ẹ wá fẹ́ wọ ọkọ àwọn tó kù ní òdòdó, kí ikú má baà ṣilé mọ̀?"

"Ìyá Chabela, kí awakọ̀ lè rí wọn ni!"

"Ikú náà lójú, ọmọ mi. Ojú tirẹ̀ tiẹ̀ mú ju ti awakọ̀ lọ."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú ẹ̀rín náà. Kò sí ẹni tó wọ̀ ọ́. Wọ́n gbà á ṣá, torí ọ̀fẹ́ ni, a kì í sì í jẹ́ kí ọ̀fẹ́ sùn síta. Ẹnì kan fi tẹ́ ìtẹ́ adìẹ. Ẹnì kan fi bo ẹ̀rọ omi. Filemón gbé tirẹ̀ wọ aṣọ́komásùn tó wà láàrin ata Domitila lẹ́yìnkùlé, ó dé e ní àkẹtẹ̀ ògbólógbòó, ó sì ń kí i láràárọ̀: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ikú ò tíì rí yín?"

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí oòrùn ti wọ̀ tí ojú ọ̀run ṣì pọ́n díẹ̀, Domitila wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ká aṣọ. Rubén wa mọ́tò wọlé. Bí iná mọ́tò ṣe yí gba ẹ̀yìnkùlé, ó kan aṣọ́komásùn. Nǹkan méjì kọ mànà nínú òkùnkùn ata, funfun báláú, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣí ojú lójijì.

Domitila fọwọ́ kan àyà. Aṣọ tó ká bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Rubén! Padà sẹ́yìn!"

"Mọ́mì, kí lẹ sọ?"

"Mo ní padà sẹ́yìn, kó o tún wọlé!"

Rubén padà sẹ́yìn, ó tún wọlé. Mànà. Domitila ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Chabela, tí ilé rẹ̀ ò ju ìdí ọgbà lọ, yọrí síta.

"Comadre, kí ló dé? Ṣé mọ́tò ọmọ yín ò mọ̀nà ilé mọ́ ni?" Comadre ni wọ́n ń pe ara wọn, torí Chabela ló gbé Rubén sọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìsàmì fún un.

"Comadre, ẹ wá wò ó. Ẹ wá wo nǹkan."

Chabela dúró tì í. Rubén tún wọlé, ó ti ń kùn.

"Ẹ rí i?" ni Domitila wí. "Ọsàn yẹn ò tàn rárá. Ọsàn ti sọnù sínú òkùnkùn. Ọ̀já yẹn ló ń tàn. Òdòdó kọ́ ni wọ́n ń rí, comadre. Ọ̀já ni."

Chabela wò ó títí. "Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ ṣì ní tiyín?"

"Adìẹ ló ń yé lé e lórí."

"Ẹ lé adìẹ dìde."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, Domitila kò ṣe nǹkan mìíràn. Ó ti fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ rán aṣọ ilé ìwé fún ìdajì ọmọ àdúgbò nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mú; ó wá nu eruku orí rẹ̀, ó fi epo sí i. Ó tú ọ̀já fàdákà kúrò lára ẹ̀wù aṣọ́komásùn, kúrò lára ti Chabela àti ti àwọn mìíràn tó tọrọ kiri. Ó mú jákẹ́ẹ̀tì jíìnsì Filemón, èyí tó ń wọ̀ lọ sóko, tó jẹ́ búlúù bí aṣọ ìbora Ìyá wa gan-an. Ó gé ọ̀já náà wẹ́wẹ́, ó tò ó yí ká ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì bí ìtànṣán ṣe yí Ìyá wa ká nínú àwòrán, ìtànṣán gígùn, ìtànṣán kúkúrú, gígùn, kúkúrú, láti èjìká dé ìbàdí. Ó gé òṣùpá kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò ṣe ojú, kò ṣe ọwọ́. Ó ní òun ò gbọ́n tó ẹni tó lè ṣe ojú Ìyá wa. Chabela ló gé ìràwọ̀, bó sì ṣe ń gé e ló ń sunkún, bó ṣe ń sunkún ló ń bú abẹ́rẹ́.

"Ká ní Nicanor ní èyí," ló wí.

"Mo mọ̀, comadre."

"Ṣùgbọ́n kò ní wọ̀ ọ́. Olórí kunkun ni."

"Mo mọ̀, comadre."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi gbẹ.

Nígbà tí Filemón rí jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó fi ìka kan tọ ìtànṣán kan láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Arúgbó mi, ṣé irú èmi yìí yẹ lẹ́ni tó ń gbé e?"

"O ti gbé àpò àjàrà tó wúwo jù ú lọ."

Ó wọ̀ ọ́. Ó rìn yípo inú ilé bí ọmọ tó rí aṣọ ọdún, Canelo ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kejì, Domitila gbé aṣọ ìbora lé èjìká, ó tẹ̀ lé e dé ẹnu géètì láti lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Filemón gun Ìbaaka, ó kọjá sódìkejì ọ̀nà, ó sì kọjú sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ọkọ̀ bọ̀. Iná rẹ̀ kan ojú Filemón, ó kan mùsùtáàṣì rẹ̀, ó kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn. Ọkọ̀ mìíràn bọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá ti lọ tán ni Ìyá wa ń rí i.

Domitila di orí mú. "Yéè! Ìdí ọkọ̀ ni Ìyá wa ń wò!"

Nígbà tí Filemón dé nírọ̀lẹ́, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ lórí Ìbaaka tí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀rẹ̀.

"Arúgbó, apá ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni kó o máa gbà. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ rí ọ."

"Kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn? Láéláé! Bàbá mi á jáde nínú sàréè."

"Jẹ́ kó jáde, màá fún un ní kọfí."

"Rán òmíràn sáyà jákẹ́ẹ̀tì."

"Àyà jákẹ́ẹ̀tì ní bọ́tìnì! Kí n la Ìyá wa sí méjì, kó o máa ṣí i kó o máa tì í bíi fèrèsé?"

Filemón rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí padà. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kó máa wo ikú lójú, ọjọ́ kan ò tó láti yí i lọ́rùn padà. Domitila mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó da aṣọ borí, ó lọ bá Yesenia nílé.

"Ọmọ mi, má bínú sí ti ọjọ́ sí. Sọ fún mi. Kí ló pa Nicanor gan-an? Má sọ fún mi pé mọ́tò ni. Mo mọ̀ pé mọ́tò ni."

Yesenia jókòó tì í. Ó fi ife àti ṣíbí ṣe ọ̀nà fún un lórí tábìlì. Ó ní ẹni tó bá ń ti ọ̀nà oko jáde, ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ni ojú rẹ̀ ń lọ. Kò retí pé nǹkan kan á ti apá kejì wá. "Kì í ṣe pé ó rí bàbá tí kò dúró, Mà. Kò tiẹ̀ wo ibẹ̀."

Domitila wo ṣíbí. Ó ní, "Bá mi wá ọjọ́ kan."

Ọjọ́ Sátidé, ní ọ̀sán gangan, ó ní kí Filemón sin òun dé ibi kẹ̀kẹ́ funfun, pé òun fẹ́ pààrọ̀ òdòdó rẹ̀. Yesenia náà wá, Chabela náà wá. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ òdòdó tán, Domitila di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó fà á lọ sí etí ibi tí ọ̀nà oko ti já sójú ọ̀dà, ní apá ibi tí Nicanor ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Dúró síbí. Máa wo ojú àwọn awakọ̀."

Mọ́tò kan jáde láti inú oko. Awakọ̀ náà yí ọrùn sí òsì, ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Òmíràn jáde. Òsì ló wò. Obìnrin kan jáde, ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn mọ́tò, òsì ló wò. Filemón juwọ́. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó jù ú yíká orí, ó ń pè, "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú ọ̀sán! Ṣé dáadáa ni?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ń bá a rẹ́ àjàrà láti ọjọ́ pípẹ́ jáde nínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, tó súnmọ́ ọn débi pé ó lè fọwọ́ kàn án. Òsì ló wò. Ó lọ.

Filemón rọra dé àkẹtẹ̀ padà. Ó dúró, ó wo kẹ̀kẹ́ funfun, ó wo ojú ọ̀nà oko.

"Chabela," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Nicanor ń wo ikú lójú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Filemón."

"Ikú ò tiẹ̀ wo apá ibi tó wà."

Yesenia fẹ́ sọ̀rọ̀, Domitila fi ìgúnpá gún un pẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Filemón wọ́ Ìbaaka dání, ó kọjá sódìkejì ọ̀nà, apá ibi tí ọkọ̀ ń bá èèyàn lọ. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e.

Kò rọrùn o. Láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, ọrùn rẹ̀ kò dúró sójú kan, ó ń wẹ̀yìn bí olè. Ọjọ́ kan ó wẹ̀yìn pẹ́ jù, Ìbaaka bá a lọ sínú kòtò omi, òun, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ àti àkẹtẹ̀. Ó wọlé tẹrẹtẹrẹ, ó ń ro omi sílẹ̀.

"Ṣé ọkọ̀ ló kọ lù ọ́?" Domitila ti di ògiri mú.

"Ọkọ̀ wo? Ẹ̀rù ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ gan-an ti kọjá tipẹ́."

Domitila rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó wọ yàrá, ó mú dígí kékeré tó fi ń wo irun rẹ̀ tó bá ń dì í, Rubén sì fi wáyà dè é mọ́ ọwọ́ Ìbaaka, pẹ̀lú iná pupa kékeré kan tí Yesenia fún wọn. Láti ọjọ́ náà, gíláàsì fèrèsé ni Domitila ń wò di irun. Kò ráhùn. Filemón ní òun ti rí nǹkan tó dára ju ti bàbá òun lọ: òun kọ ẹ̀yìn sí ikú, òun sì tún ń wò ó lójú.

Ìgbà òtútù dé, kùrukùru dé pẹ̀lú rẹ̀, kùrukùru ilẹ̀ ibẹ̀ yẹn tó nípọn bí àtólè, ògì àgbàdo wọn, tí èèyàn kì í rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Filemón ti lọ. Domitila ń po ìyẹ̀fun àgbàdo nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan rọra dúró níwájú géètì. Ó sáré bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò lè nu ọwọ́.

Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, sísanra, ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Lẹ́yìn rẹ̀, ní apá kejì ọkọ̀, Filemón sọ̀ kalẹ̀, orí rẹ̀ pá, kò dé àkẹtẹ̀. Ìbaaka wà lórí ọkọ̀.

"Arúgbó, mú kọfí wá fún ọkùnrin yìí kó tó ṣubú," ni Filemón wí.

Wenceslao ni orúkọ ọkùnrin náà, ẹ̀gbẹ́ Zacatecas ló ti wá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú.

"Ìyá, mi ò rí nǹkan kan. Funfun ni gbogbo rẹ̀. Mo sáré, mo jẹ̀bi, mo sáré. Bẹ́ẹ̀ ni mo rí i. Ìyá wa fúnra rẹ̀, ó dúró lójú ọ̀nà, ìtànṣán yí i ká! Mo tẹ bíréèkì, mo fa ọwọ́ ọkọ̀, mo gbà pé mo ti kú, òun ló wá mú mi. Àfi bí mo ṣe kọjá tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bú mi."

"Èmi ni," ni Filemón wí. "Abẹ́ Ìyá wa ni mo wà. Atẹ́gùn ọkọ̀ rẹ̀ gbé àkẹtẹ̀ mi lọ. Mo bú u dáadáa."

Domitila wo orí ọkọ rẹ̀ tó pá. Ikú tó bá fẹ́ pani, tó wá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dá. Ó fi ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun di orí náà mú, ó fi ẹnu kò ó láàrin, ìyẹ̀fun dà sí i létí. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Wenceslao.

"Ìwọ! Ta ló ní kó o máa sáré nínú kùrukùru? Ṣé o ní ìyá nílé?"

"Mo ní, Mà."

"Ṣé ó fẹ́ kó o kú?"

"Rárá, Mà."

"Ṣé ọkọ tèmi ló fẹ́ kó kú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà."

"Jókòó. Jẹun."

Ó jẹ tortilla àti ẹ̀wà àti ata, ó tún jẹ, ó ní kò sí ibi tí òun ti jẹ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé. Kí ó tó lọ, ó tọrọ láti fọwọ́ kan ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì náà. Ọdọọdún, bí wọ́n bá ń ṣe ọdún Ìyá wa ní oṣù kejìlá, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró síwájú géètì, á mú ìrẹsì àti ṣúgà wá, á jẹun, á sì wa ọkọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń wá, wọ́n mú jákẹ́ẹ̀tì ọkọ wọn dání. Ẹ̀rọ ìránṣọ Domitila ò sinmi. Yesenia lọ mú páálí mìíràn wá, tí kò sí ẹ̀wù nínú rẹ̀ mọ́, ọ̀já fàdákà ní róòlù ni. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó fẹ́. Ẹnì kan ní San Isidro, ẹni mímọ́ àwọn àgbẹ̀, àti màlúù rẹ̀. Ẹnì kan ní ọkàn tí ọfà gún. Chabela rán àkùkọ ńlá sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, ìrù rẹ̀ dé ìbàdí, ó ní ẹni mímọ́ kankan ò ní fẹ́ gun ẹ̀yìn ọ̀mùtí bẹ́ẹ̀. Fadá wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀ sí Máàsì àfẹ̀mọ́júmọ́ lórí kẹ̀kẹ́, apá ọ̀tún gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, iná mọ́tò ń kàn wọ́n lẹ́yìn. Ó ní òun ò rí ọ̀run rí, ṣùgbọ́n bóyá bó ṣe ń dé lórí kẹ̀kẹ́ nìyẹn.

Àwọn ìjọba wá kun ìlà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà nígbẹ̀yìn, wọ́n sì mú ibi eruku ibẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ funfun Nicanor ṣì wà níbẹ̀. Kò sí èkejì rẹ̀.

Filemón gbó. Orúnkún rẹ̀ le, ó fi oko sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi Ìbaaka sílẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti lọ ra búrẹ́dì. Ìyá tó bí Chabela ti kú nígbà náà, Canelo ti kú, wọ́n sin ín sábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́. Domitila kì í dúró sẹ́nu géètì mọ́ láti wo ọ̀nà. Inú ilé ló máa ń wà, ó ń gbọ́ agogo Ìbaaka láti òkèèrè, á sì gbé omi kọfí kaná.

Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún kan, nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de àwọn òkú, Filemón lọ ra búrẹ́dì ọdún, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ṣe bí egungun sí lórí. Ọ̀sán ni. Agogo dún, Domitila gbé omi kaná. Ó gbọ́ bó ṣe fi Ìbaaka ti ògiri, ó gbọ́ bó ṣe jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn.

"Arúgbó mi, búrẹ́dì ṣì gbóná o."

"Kọfí ń bọ̀."

Ó bu kọfí. Nígbà tó gbé e dé ìta, Filemón ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, èkejì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, orí rẹ̀ ti rọ̀ sí èjìká. Àpò búrẹ́dì wà lórí itan rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì náà wà lọ́rùn rẹ̀. Domitila pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ife kalẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò tún pè é mọ́.

Kò tíì pariwo. Ó bọ́ bàtà kejì fún un, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó wọlé, ó ṣí àpótí, ó mú ẹ̀wù ọsàn ọjọ́ sí jáde láti ìsàlẹ̀, èyí tó ti tú ọ̀já rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò tíì ṣá. Ó gbé e lọ sẹ́nu géètì, ó so ó mọ́ ọn, kó lè mọ ilé nígbà tí ọjọ́ àwọn òkú bá pé. Ó padà wá jókòó tì í lábẹ́ igi ọsàn, ó wo àwòrán Ìyá wa láti ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀.

"Orí àga," ó ní. "O ṣeun, Ìyá."

Kọfí náà ṣì gbóná. Ó mu ún, kó tó dìde lọ pe Chabela.